Ọmọ kíláàsì mi tó ń fi irin rìn fẹ́ sáré: ẹ bá mi wo ìtàn Wilma Rudolph tí mo fẹ́ sọ

Olùkọ́Ọjọ́ọ̀ · Sátidé, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti àná, mo ní kí n gbé e síwájú yín kí ọjọ́ Ajé tó dé.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní apá Ọjọ́ọ̀ níbí, kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 9 kan wà lọ́dọ̀ mi, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Àlàó, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rù, ó sì kúrú díẹ̀ sí tọ̀tún. Irin àti awọ ni wọ́n fi dè é láti itan wọnú bàtà. Bó bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà kíláàsì, ẹ ó ti gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i: kò, kò, kò.

Íńtáháósì wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lánàá tí à ń kọ orúkọ àwọn tó máa sáré, Àlàó na ọwọ́ sókè. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ tí a jọ wà níbẹ̀ ní, "Ìwọ á bá wa pàtẹ́wọ́." Ọmọ náà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń fi èékánná ha etí tábìlì rẹ̀ títí agogo fi lù. Èmi náà tí mo jẹ́ olùkọ́ rẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Mo wá rántí Wilma Rudolph, eléré sísá ará Amẹ́ríkà tó fi irin rìn ní kékeré. Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún gbogbo ilé-ìwé nígbà tí a bá tò sórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ rèé, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1940 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà. Oṣù rẹ̀ ò pé, bíi kílò méjì péré ló wọ̀n. Òun ni ogún nínú ọmọ 22 tí bàbá rẹ̀ bí nínú ìgbéyàwó méjì. Bàbá ń gbẹ́rù fún èrò ọkọ̀ ojú irin, ìyá ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn òyìnbó. Àìsàn kan ò tíì lọ tán tí òmíràn fi ń wọlé: òtútù àyà, ibà tó ń mú ara pupa, lẹ́yìn náà ni rọpárọsẹ̀ wá gbá ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú nígbà tí kò tíì ju bíi ọmọ ọdún 5 lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ kò tíì sí láyé nígbà náà, ọdún 1955 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́. Wilma fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé dókítà ní òun ò ní rìn mọ́, ìyá òun ní òun á rìn, ìyá òun lòun sì gbà gbọ́.

Ìtọ́jú tí aláwọ̀ dúdú lè rí gbà nílùú wọn, Clarksville, kò tó nǹkan. Ni ìyá yìí bá ń gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Nashville lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì, sí ilé-ìwòsàn Meharry tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà dúdú. Bíi kìlómítà 80 ni, àlọ nìkan. Ẹ sá rò ó bíi kéèyàn máa pọn ọmọ ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó tún padà wá ṣiṣẹ́ olówó. Ìyá yìí tún kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n Wilma bí wọ́n ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni wọ́n ń wọ́ ọ. Nígbà tó máa fi pé ọmọ ọdún 12, ó ti bọ́ lọ́wọ́ irin àti bàtà olókè náà pátápátá.

Ó wọ ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé wọn, ibẹ̀ ni Ed Temple, olùkọ́ eré sísá ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Tennessee, ti rí i. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó gba bàbà nínú ríléè, eré tí èèyàn mẹ́rin ń fi igi lé ara wọn lọ́wọ́ sá, ní Melbourne lọ́dún 1956. Ó bímọ ní 1958, ó padà sórí pápá. Nígbà tó di Róòmù ní 1960, wúrà mẹ́ta. Kò sí obìnrin Amẹ́ríkà kankan tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú eré sísá ní Òlíńpíìkì kan ṣoṣo.

Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Kí ni kí n fi kún un?

ỌmọAdámásíngbà · Sátidé, 7:25 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Ẹ fi iye àáyá sí i, ọmọdé fẹ́ràn iye.

Nínú 100 mítà, àáyá 11.0 ló fi sá àṣekágbá. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó yára jù láyé, torí atẹ́gùn tó ń ti ẹ̀yìn wọn bọ̀ ju mítà 2 lọ ní àáyá kan, bí òfin sì ṣe wí nìyẹn. Nínú 200 mítà, ó sá 23.2 nínú ìpele àkọ́kọ́, ìyẹn di èyí tó dára jù ní Òlíńpíìkì, ó wá fi 24.0 gba wúrà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ní Stuttgart, ní Jámánì, ó sá 100 mítà ní 11.2 láìsí atẹ́gùn tó ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí obìnrin tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ríléè ti Róòmù, ibi tó ti gba wúrà kẹta, ni kí ẹ sọ fún wọn jù. Martha Hudson ló kọ́kọ́ sá, Lucinda Williams gbà á, Barbara Jones gbà á, Wilma ló gbẹ̀yìn. Ilé-ìwé kan náà ni gbogbo wọn ti wá, Ed Temple ló kọ́ wọn. Níbi tí Jones ti ń na igi sí Wilma, ọwọ́ wọn ò bára mu dáadáa, igi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Nígbà tí Wilma máa fi dì í mú, ọmọbìnrin Jámánì ti yọ sí iwájú. Ẹ wá wo bí ó ṣe lé e bá. Àáyá 44.5 ló gbà wọ́n. Mo ti wo àwòrán eré yẹn tí mi ò lè ka iye ìgbà, bó bá ti kan ibi tí igi ti fẹ́ já, ọkàn mi ṣì máa ń fò.

BàbáÒkèÀdó · Sátidé, 9:10 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àárọ̀. Ẹ mú mi rántí ọjọ́ pípẹ́.

1960 tí ẹ ń sọ yìí, ọdún òmìnira ni. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí Líbatì Stédíọ́ọ̀mù níbí, èyí tí wọ́n wá fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè. Ilé wa ò jìnnà síbẹ̀. Ọmọdé ni mí ní oṣù kẹjọ 1963 nígbà tí Dick Tiger, akànṣẹ́ wa, na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà nínú rẹ̀, ariwo tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Ọdún 1963 yẹn gan-an ni Wilma wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Ìjọba Amẹ́ríkà ló rán an. Ó lọ síbi ìdíje ọ̀rẹ́-sí-ọ̀rẹ́ ní Dakar, ó dé Gánà, ó dé Gínì, ó dé Málì, ó dé Upper Volta tó di Burkina Faso lónìí. Nígbà yẹn, ó ti fi eré sísá sílẹ̀, ọdún 1962 ló ti fẹ̀yìn tì, kò ju ọmọ ọdún 22 lọ.

Olùkọ́, ẹ tún fi èyí sí i. Nígbà tó ti Róòmù dé, ìlú rẹ̀ fẹ́ fi ijó àti ilù pàdé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nígbà náà, funfun á wà lọ́tọ̀, dúdú á wà lọ́tọ̀. Ó ní bí wọn ò bá jọ jókòó pọ̀, òun ò ní wá. Wọ́n gbà fún un. Ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 1960 ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìlú yẹn máa ṣe ayẹyẹ tí gbogbo wọn jọ wà papọ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún 20 ló ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀! Ìyẹn wú mi lórí ju wúrà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Ọdún 1994 ni àrùn jẹjẹrẹ pa á. 54 ni. Kò dàgbà.

Adùkẹ́Ọlọ́pàáMéjì · Sátidé, 1:05 ọ̀sán

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín gbé e wá. Àmọ́ bí ẹ bá sọ ọ́ báyìí lọ́jọ́ Ajé, ẹ máa dá egbò sí Àlàó lára.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fi ọ̀pá abẹ́ abíyá méjì rìn. Iwájú ni mo máa ń jókòó sí ní kíláàsì, torí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sọ ìtàn Wilma Rudolph fún wa kí n tó jáde ìwé mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti dé ibi tó ti bọ́ irin sọnù, gbogbo kíláàsì á yí ojú wá wò mí. Wọ́n ń retí ìgbà tí tèmi náà máa bọ́. Mo retí i pẹ̀lú wọn. Mo máa ń jí lóru, màá na ẹsẹ̀ lábẹ́ aṣọ, màá ní kí ìka kan ṣoṣo mì.

Ìyá mi gbé mi gun òkè àdúrà. Ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà oníṣègùn. Òrí àti àdí àgbọn ló fi ń wọ́ ẹsẹ̀ mi, láàárọ̀ lálẹ́, ní ilé wa ní Bẹẹrẹ, àtàǹpàkò rẹ̀ le bí igi. Ṣé ìyá mi ò nígbàgbọ́ tó ìyá Wilma ni? Ìbéèrè tí ìtàn yẹn fi sí mi nínú láti kékeré nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bá mi dá a lóhùn.

Ìtàn ẹni tó sàn ni ìtàn Wilma. Gbogbo èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó sàn. Tí Àlàó ò bá sàn ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ní kíláàsì, àfi ìgbà tí mo dàgbà tí mo fúnra mi kà á. Òlíńpíìkì Róòmù tí Wilma ti gba wúrà parí ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 1960. Nígbà tó di ọjọ́ 18, ọ̀sẹ̀ kan péré sí i, bíi 400 eléré láti orílẹ̀-èdè 23 dé sí Róòmù kan náà, gbogbo wọn lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Ìdíje tí a wá ń pè ní Páráńlíńpíìkì lónìí bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Dókítà kan tó ń jẹ́ Ludwig Guttmann, Júù tó sá kúrò ní Jámánì, ló ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ nílé-ìwòsàn Stoke Mandeville ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1948. Èèyàn 16 péré ni, ọfà ni wọ́n ta. Ìlú kan náà, oṣù kan náà. Wọ́n sọ ti ẹni tó bọ́ irin fún mi, wọn ò sọ ti àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́.

Tiwa ńkọ́? Ọdún 1992 ní Barcelona ni Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Páráńlíńpíìkì. Ajíbọ́lá Adéoyè sáré ní ẹ̀ka àwọn tí apá wọn ò pé. Ó gba wúrà 100 mítà, ó gba ti 200 mítà. Àáyá 10.72 ló fi sá 100. Ní oṣù tó ṣáájú, lórí pápá ìlú yẹn náà, Linford Christie tó ní apá méjì fi 9.96 gba wúrà tiẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn, kò tó àáyá kan. Ẹ bi àwọn ọmọ Ìbàdàn mẹ́wàá lónìí bóyá wọ́n mọ Adéoyè. Orúkọ Yorùbá gidi! Apá ọkùnrin yìí ò hù padà kó tó sáré. Bó ṣe wà ló ṣe sá a.

ÌyáÌbejìAgbowó · Sátidé, 2:30 ọ̀sán

Mo gbọ́ gbogbo ẹ, ẹ kú làákàyè. Ṣùgbọ́n èmi máa sọ òótọ́ bí abiyamọ. Tí ọmọ yẹn bá ṣubú ńkọ́? Tí irin bá kán sí i lẹ́sẹ̀ níwájú àwọn òbí? Olùkọ́ ni wọ́n máa dì mú, kò sẹ́nì kankan lórí ibí yìí tó máa bá wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kó máa fọn fèrè tàbí kó di àsíá ilé wọn mú, ìyẹn náà ọlá ni.

OnífísíòRíǹgìRóòdù · Sátidé, 8:50 alẹ́

Ẹ kú alẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn tí ẹsẹ̀ tàbí apá wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa ṣe ìdárayá ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ Àǹtí Adùkẹ́ ló mú mi dá sí i, torí ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn.

Kòkòrò rọpárọsẹ̀ máa ń wọ inú mùdùnmúdùn tó wà nínú ògóóró ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló ti ń pa àwọn okùn tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ fún ẹran ẹsẹ̀. Okùn tó bá ti kú ti kú. Ti ẹlòmíì, díẹ̀ ló kú, àwọn tó kù á máa tẹ̀ka láti gba iṣẹ́ àwọn tó ti lọ, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lágbára padà. Ti ẹlòmíì, púpọ̀ ló kú. Wíwọ́ ẹsẹ̀ kì í jí okùn tó ti kú dìde. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí oríkèé le gan, kì í jẹ́ kí ẹran ara súnkì, ó ń jẹ́ kí èyí tó kù wúlò. Àǹtí mi, ọwọ́ ìyá yín àti ọwọ́ ìyá Wilma, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe. Iye tí àrùn pa lára ẹ̀yin méjèèjì ni kò dọ́gba. Kò sí ẹ̀bi ìyá yín níbẹ̀ rárá. Tí ẹ sì lè fi ọ̀pá rìn lónìí láìjẹ́ pé orúnkún yín ká mọ́ abẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àtàǹpàkò ìyá yín ló ṣe é.

Ti Àlàó, ó lè má jẹ́ rọpárọsẹ̀. Oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yà mìíràn rẹ̀ ṣì máa ń yọjú níbi tí ọmọ tí wọn ò fún ní àjẹsára bá pọ̀ sí, nítorí náà ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń gbé àjẹsára kiri. Ohun tí à ń rí lọ́pọ̀ ìgbà báyìí ni abẹ́rẹ́ ìdí. Ara ọmọ gbóná, wọ́n gbé e lọ síbi tí kò yẹ, ẹni tó gún un gún un mọ́ okùn ńlá tó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, ẹsẹ̀ ọmọ ò ní gbé mọ́. Kí ẹ bi ìyá rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìyá Ìbejì, ẹ̀rù yín tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fi irin rìn ti ń ṣubú lójoojúmọ́, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú ju ọmọ yín lọ. Olùkọ́, kí ó sá a lórí koríko, kì í ṣe ibi òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ kó bọ́ irin náà lálẹ́, kó wo awọ ara tó wà lábẹ́ rẹ̀ bóyá ó bó, torí ọmọ ń dàgbà, irin kì í dàgbà. Ẹ wo ìdè awọ yẹn bóyá ó ti gbó.

OníMáíkíràÌwóRóòdù · Sátidé, 10:15 alẹ́

Ẹ kú ilé. Èmi máa ń rí wọn ní ẹ̀bá ọ̀nà, ẹni tó ní ọ̀pá, ẹni tó ní kẹ̀kẹ́. Mo máa ń kọjá torí pé mo rò pé wọ́n á fi mí falẹ̀, èrò iwájú á sì máa sọ̀rọ̀. Mo ti ka ohun tí Àǹtí yìí kọ. Láti ọ̀la, màá máa dúró.

Adùkẹ́Ọlọ́pàáMéjì · Àìkú, 6:15 àárọ̀

Onífísíò, ẹ ṣeun. Mo ka ohun tí ẹ kọ fún ìyá mi ní àárọ̀ yìí. Kò sọ nǹkan kan, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ibi lẹ rò. Ṣùgbọ́n èmi ti di àsíá mú rí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi di àsíá mú. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ni mo máa ń rí. Òfin orílẹ̀-èdè yìí tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí bí ara rẹ̀ ṣe rí, ilé-ìwé sì wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀, ó tó láti múra.

Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ náà ohun tó fẹ́. Kẹ́ ẹ tó sọ ìtàn kankan.

BàbáÒkèÀdó · Àìkú, 7:00 àárọ̀

Adùkẹ́ ọmọ mi, o káre. Àwọn baba wa máa ń pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní Ọbàtálá ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn, a ò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àmọ́ mo ń rò ó báyìí pé a bọ̀wọ̀ fún wọn, a ò sì fún wọn láyè. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan bẹ́ẹ̀. Kò jáde nílé rí lọ́jọ́ ayẹyẹ.

ỌmọAdámásíngbà · Àìkú, 8:20 àárọ̀

Bó bá jẹ́ jíjù ló fẹ́, ọ̀nà wà. Lauritta Onye tiwa ju irin roboto sí mítà 8.40 ní Páráńlíńpíìkì Rio ní 2016, ní ẹ̀ka àwọn tí kò ga, ó sì jẹ́ èyí tó jìnnà jù láyé lọ́jọ́ yẹn. Flora Ugwunwa ju ọ̀kọ̀ láti orí ìjókòó, ó gba wúrà ní Rio, ó tún gbà á ní Tokyo. Ní ẹ̀ka ti Flora, orí àga tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á fi bẹ́líìtì de itan, gbogbo agbára á wá láti ẹ̀yìn àti apá. Ẹ lè fi okùn so àga onígi mọ́ igi méjì, kí ẹ di iyanrìn sínú àpò kékeré. Kò ná yín ní nǹkan kan.

Olùkọ́Ọjọ́ọ̀ · Ajé, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́. Mi ò sọ ìtàn kankan láàárọ̀ yìí.

Mo pe Àlàó nígbà tí wọ́n jáde ìsinmi, a jókòó sórí ìgbátí. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé mo dákẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó wò mí bíi pé kò yé e ìdí tí olùkọ́ fi ń bẹ òun. Mo sọ fún un nípa àga àti àpò iyanrìn. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ju nǹkan. Èmi fẹ́ ríléè." Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ ríléè? Ó ní, "Torí pé wọ́n máa ń dúró dè yín."

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni a ṣe máa ṣe é?

ỌmọAdámásíngbà · Ajé, 5:05 ìrọ̀lẹ́

Ó rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Íńtáháósì yín ni, ẹ̀yin lẹ ni òfin rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ 200 mítà, èèyàn mẹ́rin fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí ilé kọ̀ọ̀kan pín in bó ṣe wù wọ́n. Kì í ṣe ilé Àlàó nìkan o, gbogbo ilé, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọ́n ṣàánú rẹ̀. Àlàó lè sá 25, kí ẹni tó yára jù sá 75. Òun ni kó kọ́kọ́ sá. Ẹni àkọ́kọ́ kì í gba igi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, fífún ẹni kejì nìkan ló ní láti kọ́. Ẹ fi eérú fa ìlà, kí ẹni kejì má kúrò nínú rẹ̀ kó tó dì í mú.

OnífísíòRíǹgìRóòdù · Ajé, 9:30 alẹ́

Kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún di igi mú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó fi tì lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá fọn fèrè. Kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó dúró. Mo lè wá wò ó lọ́jọ́bọ̀ bí ọ̀gá yín bá gbà, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Olùkọ́Ọjọ́ọ̀ · Ẹtì, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀gá wa gbà. Ìyá Àlàó náà gbà, ó kọ́kọ́ sunkún. Onífísíò wá lánàá, Ọlọ́run á bá wa san án, ó pààrọ̀ ìdè awọ kan tó ti já tán lẹ́yìn orúnkún.

Lónìí ni a kọ́kọ́ dán an wò. Ilé mẹ́rin, lórí koríko ẹ̀yìn kíláàsì. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ni mo sọ ìtàn fún wọn: mo sọ ti ríléè Róòmù àti igi tó fẹ́ já, mo sọ ti àwọn 400 tó dé síbẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sọ ti Adéoyè. Mo kọ 10.72 sára bọ́ọ̀dù. Ọmọ kan bi mí bóyá Adéoyè máa ń gé èékánná ara rẹ̀. Ti irin tí Wilma bọ́, mi ò fà á gùn. Ẹnikẹ́ni ò yíjú wo Àlàó.

Wọ́n fọn fèrè. Lórí koríko, ẹ ò lè gbọ́ kò, kò, kò yẹn, ìró rẹ̀ yí padà, ó dà bí ẹni tó ń fi ọ̀kọ̀ gún ilẹ̀ rírọ̀. Ó ń ju ẹsẹ̀ òsì síta láti ìbàdí, èjìká rẹ̀ ń gùn, ó ń sọ̀, ó sì na igi síwájú láti ìdajì ọ̀nà. Òun ló gbẹ̀yìn nínú àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin tó ń dúró dè é ń pariwo orúkọ rẹ̀, ó sì gbàgbé láti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kó tó dé, nígbà tó gba igi, ó ṣì dúró gbagidi. Ilé wọn ṣe ipò kẹta.

Mo lọ bá a láti kí i. Kò dá mi lóhùn. Ó ti kọjú sí ọmọbìnrin yẹn, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, inú ń bí i: "Mo ti dé ìlà tán kí o tó sún! Ọjọ́ Ajé, bí mo bá ti ku ẹsẹ̀ méjì, kí o ti máa lọ."